Epo Tó Fọ Ara Rẹ̀ ní Ìlódè

Bí ẹ bá pàdé mi ní Ifẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kí mi tán kí ẹ tó dá ọ̀rọ̀ epo sílẹ̀. Mi ò ní kànga epo. Mi ò mọ ẹni tó ní. Bọ́ọ̀sì ni mò ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́ lókè òkun, inú òjò la sì ti máa ń dúró dè é. Ṣùgbọ́n ta lẹ fẹ́ sọ ọ́ fún? Àwọn èèyàn wa ti rí àwòrán kan, àwòrán yẹn ló sì ń gbé ayé mi fún mi ní Ìlódè, àdúgbò wa ní Ifẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí àwòrán náà ṣe wáyé. Iléeṣẹ́ mi kó wa lọ sórí òkun lọ́jọ́ kan, ká lè fojú ara wa rí ibi tí wọ́n ti ń fa gáàsì. Wọ́n fún wa ní aṣọ iṣẹ́ aláwọ̀ ọsàn àti akoto funfun. Èébì ni mo bì lọ, èébì náà ni mo bì bọ̀. Láàárín èébì méjèèjì, ẹnì kan yà mí ní fọ́tò: mo gbé ọwọ́ lé irin ńlá kan, mo sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó jogún òkun. Mo fi ránṣẹ́ sí màámi. Ayọ̀ ni mo fi ránṣẹ́, mi ò ní parọ́. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti ní ohun gidi kan tí mo lè fi han ará ilé ju yìnyín àti jákẹ́ẹ̀tì lọ. Kó tó di ọjọ́ kejì, gbogbo Ìlódè ti gbọ́ pé ọmọ Ìyá Tíṣà ló ń wa epo fún Òyìnbó. Jókòó-sídìí-kọ̀ǹpútà ni iṣẹ́ mi. Ẹ lọ sọ ìyẹn fún wọn, kí ẹ wo ojú tí wọ́n máa fi wò yín.

Aberdeen ni ìlú tí mò ń gbé, ní ilẹ̀ Scotland. Òkúta eléérú ni wọ́n fi kọ́ gbogbo rẹ̀. Ojú ọ̀run rẹ̀ eléérú, òkun rẹ̀ náà eléérú. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́ tí mo jí níbẹ̀, mo rò pé ilẹ̀ ò tíì mọ́ ni. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mò ń retí kó mọ́. Àṣé ọ̀sán ti pọ́n.

Nígbà tí mo jáde, mo pàdé obìnrin àgbàlagbà kan tó ń gbé òdìkejì yàrá mi. Mo kúnlẹ̀ díẹ̀, bí wọ́n ṣe tọ́ mi nílé, mo kí i. Ó rò pé nǹkan ló jábọ́ lọ́wọ́ mi. Lòun náà bá bẹ̀rẹ̀, ó ń bá mi wá a nílẹ̀! A wá a títí. Ojú tì mí, mi ò lè sọ fún un mọ́ pé ìkíni ni. Nígbà tó yá, mo ṣe bí ẹni tó rí i, mo di àtẹ́lẹwọ́ òfìfo mú, mo dúpẹ́, mo sì bá tèmi lọ. Láti ọjọ́ náà, orí ni mò ń mì sí wọn. Àwọn náà á bi ọ́ pé ṣé dáadáa lo wà. Kí o tó la ẹnu, wọ́n ti kọjá. Kí ni wọ́n wá ń béèrè fún?

Ohun tó dùn mí jù ni òtútù. Láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ gáàsì ni mò ń bá yí lọ́fíìsì. Màá délé, onílé ti pa ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, ó ní gáàsì ti wọ́n. Màá wọ ṣòkòtò méjì, màá da búláńkẹ́ẹ̀tì borí, eyín mi á máa lu ara wọn. Nígbà yẹn gan-an ni fóònù á dún láti Ifẹ̀, tí ìbátan kan á ní, “Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó lé orí epo, ẹ má gbàgbé wa o.” Mo ti ń rántí yín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ rántí ẹsẹ̀ mi, mi ò mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣàlàyé iṣẹ́ wa fún màámi nìyí. Nígbà ayé àwọn bàbá wa, àwọn kan wá gáàsì lábẹ́ òkun, wọ́n sì rí i. Wọ́n gbẹ́ kànga, wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, wọ́n ní gáàsì wà níbẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pọ̀ tó, ó tún jìnnà, ìnáwó rẹ̀ á ju èrè rẹ̀ lọ. Wọ́n dé kànga náà padà, wọ́n bá tiwọn lọ. Irú ibi tí wọ́n pa tì bẹ́ẹ̀ ni iléeṣẹ́ tiwa ń rà. A ó wá ọ̀nà tí a máa gbà fa páìpù láti ibẹ̀ lọ sí ibùdó àtijọ́ kan tó ti wà lórí òkun nítòsí, kí gáàsì tí wọ́n fi sílẹ̀ náà lè wúlò. Iṣẹ́ tó mọ́gbọ́n dání ni, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ariwo tí wọ́n ń pa lé e lórí ni mi ò fẹ́ràn.

Graham ni ọ̀gá mi. Kò burú, kì í pariwo mọ́ èèyàn, ó sì máa ń rántí ọjọ́ ìbí gbogbo wa. Àmọ́ ọkùnrin náà fẹ́ràn kéèkì ju gáàsì lọ. Ibi tí a fẹ́ wà yẹn ti ní orúkọ kó tó dọ́wọ́ wa. Àwọn tó kọ́kọ́ rí i fún un ní orúkọ ẹyẹ. Àwọn tó rà á lọ́wọ́ wọn fún un ní orúkọ ẹja. Nígbà tó dọ́dọ̀ wa, Graham ṣe ìpàdé odindi ọ̀sán kan, ó sì fún un ní orúkọ òkè kan tó wà ní abúlé ìyá rẹ̀. Ni wọ́n bá gé kéèkì. Èmi ọmọ Ifẹ̀, mo jókòó, mò ń jẹ kéèkì, mò ń wò wọ́n. Níbi tiwa, èèyàn á rí ọmọ kó tó sọ ọ́ lórúkọ. Ẹ̀yin wá sọ ẹni tí ẹ ò tíì bí lórúkọ lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ sì ń jẹ ìkómọ rẹ̀ lọ! Bí wọ́n bá fọwọ́ sí ìwé kan, kéèkì. Bí wọ́n bá ya máàpù tuntun, kéèkì. Gáàsì ò tíì jáde tó èyí tí a lè fi dín ẹyin kan, ikùn Graham ti ń yọ.

Mo ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi nígbà yẹn, mo rò pé Òyìnbó nìkan ló ń ṣe irú rẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ilé mi ni yẹ̀yẹ́ gidi wà.

Àárọ̀ Sátidé kan ni màámi pè mí. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Tíṣà ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Àwọn nìkan ló ń gbé ilé tí bàbá mi kọ́ sórí ilẹ̀ ẹbí ní Ìlódè. Bàbá mi náà ṣì wà níbẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga, lábẹ́ sìmẹ́ńtì tí màámi máa ń kùn ní ẹfun funfun. Ifẹ̀ pọ́ńbélé ni màámi ń sọ. Mo kàn ń yí i sí Yorùbá tí gbogbo wa gbọ́ ni.

“Ọmọ mi, omi kànga wa ń rùn.”

“Ó ń rùn bíi kí ni, màámi?”

“Bíi kẹrosíìnì. Mo fi se ẹ̀wà, mo da ẹ̀wà náà nù. Adìyẹ gan-an ò jẹ ẹ́.”

Mo rántí ilé epo tó wà lókè títì, tí ilẹ̀ rẹ̀ dà gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ sí ọ̀dọ̀ wa. Mo ní, “Màámi, ẹ má mu omi yẹn mọ́. Ẹ má dáná nítòsí ẹ̀. Ẹ lọ sọ fún àwọn tó ni ilé epo òkè yẹn.” Mi ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹnì kan já fóònù gbà lọ́wọ́ wọn. Bàbá Múfú ni, àbúrò bàbá mi, ọmọ ìyá ọ̀tọ̀, tó di olórí ẹbí lẹ́yìn tí bàbá mi kú.

“Alihamudulilahi! Ọmọ wa, Ọlọ́run ti gbọ́ àdúrà! Epo ni! Èyí tí o ń wá kiri lókè òkun, ó ti wá bá wa nílé!”

“Ẹ kú àárọ̀ sà. Bàbá, kò sí epo lábẹ́ Ifẹ̀. Àpáta ni gbogbo abẹ́ ilẹ̀ wa. Ká ní wúrà lẹ ní ẹ rí ni, ǹ bá dákẹ́, torí ó wà lọ́nà Iléṣà. Epo kọ́ o.”

“A ti bu ú sínú ọ̀kadà Múfú. Ó ń sáré!”

“Ìyẹn gan-an ni mò ń sọ, Bàbá. Epo tó bá tinú ilẹ̀ wá, dúdú ni, ó máa ń ki. Wọ́n gbọ́dọ̀ fọ̀ ọ́ nílé ìfọpo kó tó wọ ọ̀kadà. Epo wo ló ti inú ilẹ̀ jáde tí wọ́n ti fọ̀ tán?”

Ó rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àgbà tó ń káàánú ọmọdé. “Ibòmíràn lo ń sọ yẹn. Ilé-Ifẹ̀ nìyí, ibi ojúmọ́ ti ń mọ́ wá. Ohun tó bá ti ibí jáde kì í dọ̀tí. Tiwa fọ ara rẹ̀!”

Yunifásítì tí mo ti kọ́ nípa òkúta àti epo kò ju ìrìn ọ̀kadà lọ sílé wa. Gbogbo ìwé tí mo kà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi pa wọ́n rẹ́. Ohun tó wá ń bí mi nínú jù ni pé mo mọ ìgbéraga yẹn dáadáa. Èmi náà ti fi ṣe fáàrí. Bí àwa Yorùbá bá péjọ ní Aberdeen, tí oníkálùkù ń gbé ìlú rẹ̀ ga, èmi náà á ní, “Ẹ rọra o, ọ̀dọ̀ wa ni gbogbo yín ti ṣẹ̀ wá.” Èmi tí mo ń sọ bẹ́ẹ̀ ni mo wá ń bú Bàbá Múfú. Ó sì tún pàṣẹ kó tó dá fóònù padà: “Má sọ fún ẹnikẹ́ni o, kí ará Modákẹ́kẹ́ má baà ní ilẹ̀ àwọn ló ti ṣàn wá.”

Òun fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún gbogbo ayé. Ó gba àwòrán mi lórí fóònù Múfú ọmọ rẹ̀, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń tẹ àwòrán sórí bánà onírọ́bà, wọ́n sì sọ mí di gbàǹgbà: èmi, akoto, ẹ̀rín, irin ńlá. Wọ́n kọ “ỌMỌ WA, OLÙMỌ̀ EPO LÁGBÀÁYÉ” sí ìsàlẹ̀ rẹ̀. Wọ́n gbé e kọ́ iwájú ilé. Wọ́n pa àgbò. Àwọn onígbàgbọ́ inú ẹbí ṣe ìdúpẹ́ tiwọn ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn mùsùlùmí ṣe tiwọn ní mọ́ṣáláṣí. Ẹ ò rí i, kéèkì àwa náà nìyẹn. Màámi sì ń ra omi mu lọ́dọ̀ ọlọ́mi.

Kò pẹ́ tí àwọn ọkùnrin méjì tó wọ kóòtù fi dé. Wọ́n ní láti Àbújá làwọn ti wá. Wọ́n wo kànga, wọ́n wo bánà mi, wọ́n mi orí. Wọ́n ní ibi epo tí ẹnikẹ́ni ò tíì wà rí ni, àwọn á sì bá ẹbí wà á. Ohun kan ṣoṣo ló kù: ilé gbọ́dọ̀ wó. Ilé wa. Ibi tí màámi ń gbé, àti ẹ̀gbẹ́ kànga tí bàbá mi wà.

Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ohun tí ẹnì kan lè dá fi tọrẹ. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá bàbá mi fẹ́, ìdí-igi mẹ́ta la sì jẹ́. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbọ́dọ̀ fohùn ṣọ̀kan. Méjì ti gbà, ti Bàbá Múfú ló síwájú. Ní ìdí-igi tiwa, bàbá mi nìkan ni ìyá rẹ̀ bí, èmi nìkan ni bàbá mi bí. Màámi ò ní ohùn níbẹ̀. Aya ilé ni wọ́n, ọjọ́ yòówù tí wọ́n ti wọlé. Gbogbo rẹ̀ wá kù sí èmi tí mo wà nínú òtútù lọ́hùn-ún. Bí mo bá sọ pé ó yá, màámi á kó ẹrù wọn jáde.

Mo sọ ọ̀rọ̀ náà fún Graham lọ́jọ́ kan tó bi mí ìdí tí ojú mi fi wú. Mo kàn fẹ́ kí ẹnì kan gbọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní orílẹ̀-èdè wa mà lóríire o, a kàn ń gbẹ́ kànga omi, epo ń jáde. Mo ní kò sí epo níbẹ̀. Ó ní, “Ṣé ó dá ọ lójú?” Mímọ ibi tí epo wà àti ibi tí kò sí ni iṣẹ́ tó ń sanwó fún mi láti ṣe o! Mo padà sídìí tábìlì mi. Níbẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé nílé lóko, mi ò rẹ́ni bá sọ ọ́.

Ọjọ́ iṣẹ́ ni ìpàdé ẹbí bọ́ sí. Mo lọ jókòó sórí àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, fóònù létí. Ní Ìlódè, wọ́n gbé fóònù sáàárín pálọ̀, wọ́n yí i sókè kí gbogbo èèyàn lè gbọ́ mi. Mo kí wọn láti orí àgbà dé orí ọmọdé. Bàbá Múfú sọ̀rọ̀, ó gùn. Nígbà tó parí, ó ní, “Ọmọ wa, ìwọ lo kù. Sọ pé o gbà, ká ṣe àmín.”

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú sí mi. Mi ò gbà. Ilé epo òkè ló ń jò. Tí ẹ bá wó ilé, ẹ ò ní bá nǹkan kan níbẹ̀ àfi àpáta.”

Ariwo ta. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń pòṣé. Bàbá Múfú gbé ohùn sókè. “Ṣé ẹ gbọ́? Ó ń wa epo fún Òyìnbó, tiwa ni ò sí! Wọ́n ti rà á. Wọn ò fẹ́ ká ní. Àbí ta ló tún mọ̀ ọ́n nílé yìí mọ́? Ìgbà wo ló wá kẹ́yìn? Ẹni tí kò mọ bí omi kànga wa ṣe ń tani lẹ́nu báyìí ló ń pàṣẹ lé e!”

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ìgbà yẹn gan-an ni Graham ṣí ilẹ̀kùn, ó na abọ́ sí mi. Kéèkì ni. Wọ́n ti tún fọwọ́ sí ìwé kan. Mo gbà á, mo gbé e sórí àtẹ̀gùn, omijé ń bọ́ sórí rẹ̀.

Mo wá gbọ́ ohùn màámi nínú fóònù. Wọn ò pariwo. Ohùn kíláàsì ni, èyí tí wọ́n fi ń pa ogójì ọmọ lẹ́nu mọ́.

“Ẹ̀yin ọkọ mi, mo kúnlẹ̀. Mo mọ̀ pé aya ilé ni mí, mi ò ní ohùn lórí ilẹ̀. Ẹ sì ní ọmọ yìí ò sí nílé. Ó dáa. Ẹni tó ni ilẹ̀ wà nílé, kò lọ síbì kankan. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kànga níbẹ̀ yẹn. Ẹ lọ hú u, kó wá sọ tẹnu rẹ̀. Tó bá ti ní kí n lọ, màá kó ẹrù mi. Ọkọ mi Bàbá Múfú, ṣọ́bìrì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn.”

Mo tẹ fóònù mọ́ etí. Àga kan dún, lẹ́yìn náà òmíràn. Wọ́n ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ò mú ṣọ́bìrì. Mo jẹ kéèkì Graham lọ́jọ́ yẹn títí tó fi tán, iyọ̀ omijé lórí rẹ̀, mi ò tíì jẹ èyí tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí ní ìlú náà.

Kò pẹ́ sígbà náà, àwọn òṣìṣẹ́ wá sí ilé epo òkè, wọn ò kí ẹnikẹ́ni, wọ́n hú táǹkì kan jáde nílẹ̀. Ó ti jò tán. Omi tó dà pọ̀ mọ́ epo náà ti ba ẹ́ńjìnnì ọ̀kadà Múfú jẹ́. Àwọn oníkóòtù di àwátì. Bí ẹ bá bi Bàbá Múfú títí dòní, ó máa ní epo ọ̀hún wà níbẹ̀, ojú ayé ló lé e sá. Tiwa lọ́hùn-ún ńkọ́? Iléeṣẹ́ wa ta ibi gáàsì náà fún àwọn mìíràn láì fa páìpù kan ṣoṣo. Wọ́n gbé èmi sídìí ibòmíràn tí wọ́n pa tì. Mo gbọ́ pé orúkọ ìràwọ̀ ni àwọn tó rà á fún un, wọ́n sì gé kéèkì.

Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tó lọ sókè òkun ti ní ilé méjì. Ẹ má dá wọn lóhùn. Ní Aberdeen, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ ń bi mí ni ibi tí mo ti wá. Ní Ìlódè, bí mo bá ṣe ń gbé àpótí sílẹ̀, ohun tí wọ́n ń bi mí ni ọjọ́ tí mò ń padà.

Nígbà tí mo ráyè lọ sílé, mo kí màámi tán, mo gba ẹ̀yìnkùlé lọ láti lọ wo sàréè bàbá mi. Ibẹ̀ ni mo ti rí ara mi. Mo nà gbalaja lórí kànga, aṣọ aláwọ̀ ọsàn, akoto, ẹ̀rín. Bánà Bàbá Múfú ni wọ́n fi dé ẹnu kànga, wọ́n sì fi búlọ́ọ̀kù tẹ igun rẹ̀ mọ́lẹ̀. Adìyẹ ti yàgbẹ́ sí mi lẹ́rẹ̀kẹ́.

“Màámi, kí lèyí?”

“Òórùn kànga yẹn ò jẹ́ kí n gbádùn. Bánà náà nípọn, kì í jẹ́ kó jáde.”

“Ẹ wá fi ojú mi sókè?”

“Ṣé kí n da ojú ọmọ mi délẹ̀ ni?” Wọ́n ti wọ kíṣìnnì, wọ́n gbé kẹ́ẹ̀gì kan jáde. “Bọ́ bàtà ẹsẹ̀ ẹ, lọ pọnmi wá ká fi se ẹ̀wà. Ilé kejì, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé, wọ́n ní ẹ̀rọ omi.”

Mo bọ́ bàtà. Mo bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lórí ìlà nídìí ẹ̀rọ, mo gbé kẹ́ẹ̀gì sẹ́yìn tiwọn. Ọmọbìnrin kan yíjú, ó kúnlẹ̀, ó kí mi, ó wá ń wò mí, ó ń wo kẹ́ẹ̀gì, ó tún ń wò mí.

“Ẹ má bínú mà. Ṣé kì í ṣe ẹ̀yin lẹ wà lórí kànga Ìyá Tíṣà?”

Mo ní, “Èmi ni.”